Kí Ìdílé Tó Ṣí Lọ sí Ìlú Òyìnbó

(Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn tí a sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá, Ungwan Dosa, Kàdúná)

  Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ òní ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìdílé tó fẹ́ ṣí lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. N kò ní kọjá rẹ̀, nítorí èmi náà ti ń gbọ́ òórùn ìrẹsì láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí.

Ṣíṣí kiri kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun fún àwa tí a jókòó síhìn-ín. Rélùwéè ló kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá sí Àríwá. Ojú irin dé Kánò ní 1911, nígbà tó sì di 1917, ìjọba gbé olú-ìlú Àríwá kúrò ní Zungeru wá sí Kàdúná. Akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, télọ̀, olùkọ́, àwọn tó ń ta aṣọ, gbogbo wọn bá iṣẹ́ wá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957, àwọn mìíràn tún dé. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé láti 2002, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a fi owó rẹ̀ tọ́ ṣì wà láàárín wa.

Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni bí àwọn bàbá wa ṣe ṣí. Ọkùnrin a kọ́kọ́ dá wá. A dé sílé ará ìlú rẹ̀, a sùn sí pálọ̀ fún oṣù mẹ́ta mẹ́rin, a ríṣẹ́, a gba yàrá kan, lẹ́yìn náà ni yóò tó ránṣẹ́ sí ìyàwó. Oko tó fi sílẹ̀ nílé, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ló ń bá a mójú tó o. Bí Kàdúná bá kọ̀ ọ́, ọ̀nà ilé kò dí. Lónìí, mo ń rí ìdílé tó ta ilé, tó ta mọ́tò, tó ta ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ọkọ, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sì wọ bàálù lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n ń lọ sí ìlú tí wọn kò mọ ẹnì kan. Mo lòdì sí i, ìdí tí mo fi gbà láti dìde sọ̀rọ̀ lónìí nìyẹn. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ o. Ẹni tó bá máa lọ, kó lọ ní ọ̀nà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò fi ní tì.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí Gánà díẹ̀. Àwọn àgbà inú wa tí wọ́n jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti àgbègbè wọn mọ ìtàn yìí jù mí lọ. Ìkànìyàn Gánà ti 1960 ka àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ sí bí ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000. Wọ́n wà ní Kumasi, wọ́n wà ní Tamale, wọ́n ń tajà dé àwọn ìletò tí ọkọ̀ kì í dé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún, tó kọ́lé, tó bímọ síbẹ̀, kò ní bébà kankan lọ́wọ́, nítorí kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Wọ́n ta ọjà lọ́pọ̀, wọ́n fi gbèsè tí aráàlú jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n di ẹrù sórí lọ́rì. Kí a má sì díbọ́n, àwa náà ṣe irú rẹ̀ fún wọn. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Shagari fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì kan náà. Àpò tí gbogbo wa ń lò títí dòní, tí a ń pè ní Ghana-Must-Go, ìgbà náà ló gba orúkọ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi tú ìtàn yìí sílẹ̀ ni pé ìlú àlejò lè yí òfin rẹ̀ padà nígbàkigbà, kò sì ní bi ọ́ bóyá o ti ta ilé rẹ. Ẹ wo ìlú ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kìíní 2024, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá ṣe oyè másítà lásán kò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ wá mọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n sọ bákan náà fún àwọn tó ń wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, wọ́n ti ọ̀nà iṣẹ́ arúgbó náà pa pátápátá fún ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkèèrè. Ẹni tó ta ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹfà kí ó lè bá ọ̀nà yẹn lọ, ní oṣù kẹjọ kò ní ilẹ̀, kò sì ní ọ̀nà. Nítorí náà, ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ṣe ní 2022 kọ́ ni kí o máa tẹ̀lé. Ka ohun tí ìjọba ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ, kí o sì tún un kà ní ọ̀sẹ̀ tí o fẹ́ san owó.

Nísinsìnyí, ìwé. Ní àdúgbò wa yìí, ọ̀rọ̀ orúkọ dàrú gan-an. Bàbá ń jẹ́ Ganíyù, ọmọ fi Ganíyù ṣe orúkọ ìdílé, ọmọ-ọmọ tún fi orúkọ ìlú ṣe tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i lọ́wọ́ àwọn Hausa tí a jọ ń gbé. Nínú ìwé ilé-ìwé, ìyàwó jẹ́ Rashidat. Nínú káàdì NIN, ó di Rasheedah. Nínú ìwé tí wọ́n fún un ní mọ́sáláṣí lọ́jọ́ yìgì, wọ́n kọ Ràṣídá. Nílé, ẹnì kan náà ni. Lójú òyìnbó tó ń wo fáìlì, ẹni mẹ́ta ni. Àtúnṣe NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, nítorí orí rẹ̀ ni ọ́fíìsì páásípọ́ọ̀tù máa gbé orúkọ yín lé. Lẹ́yìn náà kí ẹ gba ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ lọ́wọ́ àjọ tó ń ka ènìyàn, National Population Commission. Ẹni tó jẹ́ pé ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan ló ṣe, kó bá lọ́yà sọ̀rọ̀ nípa irú ìwé tí ìlú tó ń lọ máa gbà, kó tó di pé wọ́n béèrè.

Owó páásípọ́ọ̀tù pàápàá kì í ṣe owó kékeré mọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2025, èyí tó ń lo ọdún márùn-ún di 100,000 náírà, èyí tó ń lo ọdún mẹ́wàá di 200,000. Ẹ fi iye ènìyàn inú ilé yín sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ní ìlú ọba ju oṣù mẹ́fà lọ yóò tún ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan, ìwé rẹ̀ kò sì lò ju oṣù mẹ́fà lọ. Ẹ má ṣe é ní kùtùkùtù jù kó tó bàjẹ́ sí yín lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé òbí kan ló ń mú ọmọ lọ, kí èkejì kọ ìwé pé òun fọwọ́ sí i.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò tíì mọ̀. Káàdì pẹlẹbẹ tí ìjọba ìlú ọba ń fún àjèjì tẹ́lẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ìparí 2024. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni físà wà nísinsìnyí. Onílé tó fẹ́ yá ọ ní yàrá àti ọ̀gá tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n máa wò. Nítorí náà, bí ẹlòmíràn bá ń bá ọ fi ìwé sílẹ̀, rí i pé í-meèlì tìrẹ àti nọ́ńbà fóònù tìrẹ ló wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ajẹ́ńtì, kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ ni o fi sí àpò àjèjì yẹn.

Ìyẹn sì gbé wa dé ọ̀dọ̀ àwọn ajẹ́ńtì. Mo mọ ìdílé kan tí ilé wọn kò jìnnà síhìn-ín, tí ajẹ́ńtì kan gba owó tí wọ́n fi ọdún mẹ́fà kó jọ. Ìwé iṣẹ́ dé, físà dé, wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó gbà wọ́n kò ní iṣẹ́ kankan tí wọ́n lè ṣe. Kì í ṣe àwọn nìkan. Láàárín oṣù keje 2022 àti oṣù kejìlá 2024, ìjọba ìlú ọba gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó ju 470 lọ. Òfin sì ni pé bí wọ́n bá gba láísẹ́ǹsì ọ̀gá rẹ, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún ọ láti wá ọ̀gá mìíràn tàbí kí o padà sílé. Ọgọ́ta ọjọ́, ẹ̀yin ará mi, ó ju ti Busia lọ, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Orúkọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ní àṣẹ láti gba àjèjì wà nínú ìwé kan tí ìjọba ibẹ̀ ń tẹ̀ jáde, ọ̀fẹ́ ni láti wò ó. Ẹ wá orúkọ ọ̀gá yín níbẹ̀ kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀. Owó tí ọ̀gá san fún ìjọba láti fún ọ ní ìwé ìgbowọ́, òun ló ni ín. Kò gbọ́dọ̀ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yá yín ní owó sínú báńkì láti fi tan wọ́n, tàbí kí ó ṣe ìwé ẹ̀rí yín ní ayédèrú. Bí wọ́n bá mú un, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lè fi ti ilẹ̀kùn mọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó díẹ̀. Láti oṣù kejì 2024, owó ìlera tí àgbà ń san ṣáájú ní ìlú ọba jẹ́ 1,035 pọ́ùn lọ́dún kọ̀ọ̀kan, ti ọmọdé jẹ́ 776. Ọkọ, ìyàwó àti ọmọ méjì tí wọ́n gba físà iṣẹ́ ọdún mẹ́ta yóò san 10,866 pọ́ùn kí wọ́n tó gbọ́ yẹ̀ẹ́ tàbí rárá. Pọ́ùn kan ń gba bí 2,000 náírà ní 2025. Ìyẹn ti kọjá 21 mílíọ̀nù náírà, a kò tíì ka owó físà, a kò tíì ka bàálù, a kò tíì ka owó ilé. (Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó gba físà iṣẹ́ ìlera kì í san owó ìlera yìí, inú wọn yóò dùn láti gbọ́ ọ.) Ìṣirò yìí ló mú mi sọ pé kí ẹnì kan ṣáájú. Ẹni tó ṣáájú yóò fi yàrá kan gbé, yóò mọ ọ̀nà, yóò mọ iye tí oúnjẹ jẹ́, yóò mọ̀ bóyá ìlú náà gba òun. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, kó rí i dájú pé irú físà tí òun gbà fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tó kù láti bá òun níbẹ̀, nítorí bí mo ti sọ, àyè yẹn ti dí fún ọ̀pọ̀.

Ta ni yóò ṣáájú? Níbi yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ọkùnrin fara balẹ̀. Nígbà ayé rélùwéè, ọkùnrin ni iṣẹ́ ń pè. Lónìí, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wá, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìyàwó ló ní físà. Ọkọ ń gbé lábẹ́ físà ìyàwó. Bàbá tó ti jẹ́ ọ̀gá ní báńkì ní Ahmadu Bello Way lè di ẹni tó ń to páálí sórí pẹpẹ lóru, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń mú owó tó ju tirẹ̀ lọ wálé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí ilé tó tú nítorí pé wọn kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jókòó sọ ọ́ ní Ungwan Dosa níbí, nígbà tí àgbà ṣì wà nítòsí tó lè báni dá sí i. Àkáǹtì ta ni owó yóò máa wọ̀? Nígbà tí ìyá bá wà níṣẹ́ òru, ta ni yóò wẹ ọmọ, ta ni yóò se oúnjẹ? Èló ni a óò máa fi ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ, èló sí ìyá ìyàwó? Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kọ́ ìrẹsì sísè kí ẹ tó lọ. Àwọn ìyá ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló wúwo jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ìwé ìjọba kì í gba owó, ọ̀dọ̀ kánsù àdúgbò ni ẹ ó ti béèrè àyè. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín ọmọ sí kíláàsì, kì í ṣe bí ó ti mọ̀wé tó. Ọmọ tí ẹ ti fò lọ sí JSS1 ní ọdún mẹ́sàn-án yóò padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò túmọ̀ sí pé wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn dání.

Nípa ẹgba, òfin Scotland ti fòfin de lílu ọmọ láti oṣù kọkànlá 2020, ti Wales láti oṣù kẹta 2022. Ní England, òfin kò tíì dé ibẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n bí ojú àpá bá wà lára ọmọ tí olùkọ́ sì rí i, àwọn òṣìṣẹ́ kánsù lè wá kan ilẹ̀kùn yín. Bákan náà ni fífi ọmọ sílẹ̀ nìkan nílé. Òfin kò dárúkọ ọjọ́ orí kan, síbẹ̀ wọ́n lè gbé òbí lọ sílé ẹjọ́ bí ó bá fi ọmọ sínú ewu. Níhìn-ín, a máa sọ fún ará ilé pé, ‘Màmá Sikírù, ẹ bá mi bojú wo àwọn ọmọ wọ̀nyí,’ ó sì tán. Níbẹ̀, Màmá Sikírù kò sí, bí ó bá sì wà, òun náà wà níṣẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìnira yẹn tì yín débi tí àwọn kan dé láyé àtijọ́. Láti nǹkan bí 1955 títí wọ inú àwọn ọdún 1970, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù, ni a gbé fún àwọn ìdílé òyìnbó ní England kí wọ́n máa tọ́ wọn fún owó ọ̀sẹ̀. Inú ìwé ìròyìn Nursery World ni àwọn òbí ti ń polówó wá alágbàtọ́. Àwọn òbí náà fẹ́ parí ẹ̀kọ́ ni, wọn kò ní ibi lọ́kàn. Àwọn ọmọ mìíràn rí ìtọ́jú rere, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dàgbà láìgbọ́ èdè ìyá wọn, àwọn kan kò sì mọ bàbá wọn mọ́ nígbà tó wá mú wọn. Lónìí, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá máa gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dandan ni kí kánsù gbọ́. Bí ẹ kò bá tíì rí ọ̀nà tí ọmọ yóò fi wà lójú yín, ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà níbí fún ọdún kan.

Èdè ńkọ́? Àwọn ọmọ wa níbí ń gbọ́ Hausa lójúde, Gẹ̀ẹ́sì nílé-ìwé, Yorùbá nílé. Ọrọ̀ ńlá ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di Gẹ̀ẹ́sì nìkan láàárín ọdún méjì nítorí pé ẹ fẹ́ kí ohùn wọn dà bí ti òyìnbó. Wọn yóò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹ kò tilẹ̀ kọ́ wọn.

Nípa ẹrù, n kò ní pẹ́. Ọyẹ́ Kàdúná kì í ṣe òtútù. Ẹ má ra kóòtù ńlá níbí, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí èyí tó bá òtútù wọn mu. Ní oṣù kejìlá, òòrùn Lọ́ńdọ̀nù ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ọkàn àlejò a sì máa rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ jáde sínú ìmọ́lẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ fi kílíṣí àti wàrà sílẹ̀, nítorí wọ́n máa gbà á dànù ní pápákọ̀ òfuurufú: ẹran àti ohun tí a fi wàrà ṣe láti ọ̀dọ̀ wa kò wọlé. Ẹja gbígbẹ wọlé, títí dé 20 kílò. Gàárì, èlùbọ́, ẹ máa gbé e lọ.

Ilé tí ẹ fi sílẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá ní ilé ní Ungwan Dosa, ẹ má tà á ní ọdún tí ẹ ń lọ. Ẹ yanjú ìwé ilẹ̀ yín ní KADGIS kí ẹ tó kúrò, kí ó jẹ́ orúkọ yín gan-an, bí ó ti wà nínú páásípọ́ọ̀tù, ló wà lórí C of O. Ẹni tí yóò máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ìwé àṣẹ fún un, kí a kọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe síbẹ̀, pàápàá pé kò lè tà á. Ẹnu lásán ti ba àárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò jẹ́ tó. Àwọn òbí tó kù sílé, ẹ wá ẹnì kan pàtó tí yóò máa lọ wò wọ́n ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa fún onítọ̀hún ní nǹkan. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ kò lè gbé arúgbó lọ sí ilé ìwòsàn ní ààjìn òru.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹgbẹ́ wa tí a ń fi lọ́lẹ̀ lónìí. Bóyá kò sí ìdílé mẹ́wàá nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò ní ọmọ tàbí ìbátan kan lókè òkun. Kí akọ̀wé ṣí ìwé kan, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ àti ìlú tó wà síbẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ ọmọ náà. Nígbà náà, ọmọ Ungwan Dosa tó bá ń lọ sí Leeds tàbí Calgary yóò mọ pálọ̀ ẹni tí òun yóò kọ́kọ́ sùn sí. Mo ti bá akọ̀wé sọ ọ́, ó ní òun ti ra ìwé náà, ó wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà.